Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Gba Ènì Kí A Má Sì Padà Wá Mọ́?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú yín, nítorí pé dọ́là 95 péré ni ó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n dọ́là 95 yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wa ká ní ọ̀sẹ̀ tí a sin màmá bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, n kò sì tíì rí ẹni tí ó dá ẹjọ́ náà tí ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síwájú ẹgbẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Àbúrò bàbá mi kan wà, tí gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè ní Bùrọ̀dá Houston. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó ti ń gbé ní ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí Màmá Àgbà kú, owó ọkọ̀ òfuurufú wọ́n gidigidi, ọwọ́ Bùrọ̀dá kò sì dẹ̀, nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Síbẹ̀síbẹ̀ ó dé. Ó dé nígbà tí ìsìnkú ku ọjọ́ méjì, ó sì bá wa gbé pósí. Nígbà tí àlejò ti dín kù, tí a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, bàbá mi bi í pé, "Báwo ni o ti ṣe rí owó ọkọ̀ yìí?" Bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò san owó ọkọ̀. Máìlì ni mo fi wá."

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Báńkì kan àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan níbẹ̀ ni wọ́n jọ ṣe káàdì àwìn kan. Ẹni tí ó bá gba káàdì náà, tí ó sì fi ra ọjà tí ó tó dọ́là 3,000 láàárín oṣù mẹ́ta, wọn yóò fún un ní máìlì 60,000. Ọdún kìíní, ọ̀fẹ́ ni. Láti ọdún kejì lọ, yóò máa san dọ́là 95 lọ́dọọdún. Bùrọ̀dá gba káàdì náà, ó fi ra oúnjẹ àti epo ọkọ̀ àti ohun gbogbo tí ì bá rà bí kò tilẹ̀ sí káàdì, ó ń san gbèsè rẹ̀ pátá lóṣooṣù kí èlé tó gun orí rẹ̀, ó gba máìlì rẹ̀, ó fi kún èyí tí ó ti ní nílẹ̀, ó sì fi gba tíkẹ́ẹ̀tì wá sin ìyá rẹ̀. Owó orí tí ó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó tọwọ́ bọ àpò san.

Bàbá mi ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí o bá padà, o ó máa san dọ́là 95 wọn nìyẹn."

Bùrọ̀dá ní, "Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Ọdún kan ń pé lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí mo bá ti délé, n ó pè wọ́n lórí fóònù kí n fagi lé e."

Bàbá mi dákẹ́. Olùkọ́ ni bàbá mi; ó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni tí olùkọ́ bá sì bí lọ́mọ mọ ohun tí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Nígbà tí ó pẹ́, ó ní, "Jìbìtì ni a fi sin ìyá mi nìyẹn."

Ẹ kò ní fẹ́ gbọ́ ìyókù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn kò fi bá ara wọn sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ, àfi ìgbà tí àǹtí mi àgbà jókòó tì wọ́n, tí ó sunkún sí wọn lára. Wọ́n ti bá ara wọn rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kò tíì parí.

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń dá ẹjọ́ lé lórí. Ọ̀rọ̀ káàdì àwìn kò pẹ́ jù nílé ayé. Ní ọdún 1950 ni Diners Club bẹ̀rẹ̀ ní New York fún àwọn tí ń jẹun nílé oúnjẹ tí wọn kò fẹ́ máa kó owó kiri. Ní ọdún 1958 ni Bank of America fi káàdì 60,000 ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú Fresno ní California, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn béèrè rẹ̀. (Mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.) Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ American Airlines dá ètò máìlì tirẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ wọn léraléra lè máa rí nǹkan gbà. Kò pẹ́ tí àwọn báńkì rí i pé ọ̀nà owó wà níbẹ̀, ni wọ́n bá ń ra máìlì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú láti pín fún àwọn tí ó gba káàdì wọn. Láyé òde òní, ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ènì ti di ohun ìdógò: ní ọdún 2020, Delta fi ètò máìlì rẹ̀ dógò, ó sì rí bílíọ̀nù 9 dọ́là yá, ní ọdún 2021, American fi tirẹ̀ dógò, ó rí bílíọ̀nù 10. Ta ni ó gbọ́ rí pé wọ́n fi ènì gàrí dógò?

Nígbà tí ọdún kan bá pé, ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní káàdì. Ó lè san owó ọdọọdún náà. Ó lè fagi lé káàdì náà pátápátá. Ó sì lè bẹ báńkì pé kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí káàdì kékeré tí kò ní owó ọdọọdún, tí kò sì ní àpọ́nlé kankan. Máìlì tí ó bá ti wọ ìwé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í bá káàdì kú. Ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn yan ọ̀nà kẹta ni pé ní Amẹ́ríkà wọ́n a máa fún olúkúlùkù ní máàkì, láti 300 dé 850, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń san gbèsè rẹ̀ sí. Nínú máàkì tí ó wọ́pọ̀ jù, ìdá 15 nínú 100 wá láti inú bí ìwé gbèsè ẹni ti pẹ́ tó, ìdá 30 sì wá láti inú bí gbèsè tí a jẹ ti pọ̀ sí. Ẹni tí ó bá fagi lé káàdì ti dín àyè tí wọ́n fún un láti yáwó kù, ìyẹn sì lè fa máàkì rẹ̀ wálẹ̀; ẹni tí ó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pa àyè rẹ̀ mọ́. Àwọn báńkì kan a tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí o bá fagi lé káàdì kí oṣù méjìlá tó pé, àwọn lè gba ẹ̀bùn àwọn padà. Bùrọ̀dá ka ìwé tirẹ̀ dáadáa. Ó dúró títí ọdún fi pé.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ bàbá mi. Ó ní ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ dàbí ẹni tí ó dá èsúsú pẹ̀lú ẹgbẹ́, tí ó kọ́kọ́ kó o, tí ó sì sá lọ. N kò lè gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ èsúsú ti ṣèlérí pé òun yóò máa dá a títí ẹni ìkẹyìn yóò fi kó tirẹ̀. Owó tí ó kó kì í ṣe ẹ̀bùn. Owó ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ni, bí ó bá sì sá, ẹnìkan wà tí a lè dárúkọ tí yóò sunkún. Bùrọ̀dá kò ṣèlérí ọdún kejì fún ẹnikẹ́ni. Báńkì ni ó kọ ìwé àdéhùn, agbẹjọ́rò báńkì ni ó yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí wọ́n sì kọ ni pé ọdún kìíní jẹ́ ọ̀fẹ́ àti pé oníkáàdì lè lọ nígbà tí ó bá wù ú. Nínú èdè wa, jìbìtì kò lè sí láìsí ẹni tí a tàn. Ta ni Bùrọ̀dá tàn?

Ìgbà tí mo sọ èyí fún bàbá mi ni ó bi mí ní ìbéèrè tí ó le. Ó ní, "Ní ọjọ́ tí ó gba káàdì náà, ǹjẹ́ ó ní i lọ́kàn láti dúró?" Mo ní kò ní i lọ́kàn. Ó ní, "Ó wá wọlé bí oníbàárà, kì í sì í ṣe oníbàárà. Ojú ayé ni ó ṣe fún wọn."

Ibí yìí ni mo ti rántí Màmá Àgbà fúnra rẹ̀, nítorí pé gàrí ni ó tà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Ẹ mọ bí a ti í ra gàrí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yóò bu ìwọ̀nba kan, yóò jù ú sẹ́nu, yóò mọ̀ bóyá ó kan tàbí kò kan, kí ó tó ní kí a wọn kóńgò kan fún òun. Bí a bá sì wọ̀n ọ́n tán, Màmá Àgbà a bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ènì nìyẹn. Obìnrin kan wà ní ọjà nígbà náà tí gbogbo àwọn ìyá alágbàrí mọ̀. Yóò tọ́ gàrí wò ní ìsọ̀ yìí, yóò mi orí. Yóò tọ́ ọ wò ní ìsọ̀ kejì, yóò ní kò kan. Nígbà tí yóò bá fi yí ọjà po, ó ti jẹun ọ̀sán. Àwọn kan a máa lé e. Màmá Àgbà kò lé e. Lọ́jọ́ kan, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi ilé-ìwé, ó bu gàrí sínú ọ̀rá, ó fi lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó ní, "Bí ebi bá ń pa ọ́, wí fún mi. Má fi ìtọ́wò bò ó mọ́lẹ̀." Obìnrin náà kò wá sí ìsọ̀ wa mọ́. N kò mọ̀ ọ́n nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rò ó báyìí pé kì í ṣe gàrí tí obìnrin náà jẹ ni ó dun Màmá Àgbà. Irọ́ tí ó ń fi orí mímì pa ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, bàbá mi ni ó jàre. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bóyá báńkì dàbí Màmá Àgbà. Màmá Àgbà kò mọ ẹni tí yóò rà àti ẹni tí kò ní rà. Ó fi inú kan gbé gàrí kalẹ̀. Báńkì mọ̀. Ó ti ṣírò rẹ̀ kí ó tó polówó. Ó mọ̀ pé nínú àwọn tí yóò gba ọdún ọ̀fẹ́, àwọn kan yóò lọ, àwọn kan yóò fẹ́ràn káàdì náà, àwọn kan yóò sì gbàgbé. Ìgbàgbé yìí ni ó yẹ kí ẹ wò dáadáa. Bí báńkì bá fẹ́ kí ènìyàn fi ojú sílẹ̀ yàn bóyá òun yóò dúró, ì bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní òpin ọdún kí ó tó gba owó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń kọ owó náà sí i lọ́rùn, ẹni tí kò bá fẹ́ ni yóò sáré. Ẹni tí ó bá ti fi ìgbàgbé ẹlòmíràn ṣe oko kò lè bínú sí ẹni tí ó rántí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe irú ètò yìí ní Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣòótọ́, tàbí ìdúróṣinṣin. Nítorí pé ẹ̀kọ́ èdè ni mo ń kọ́, ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ọjà wa, alájàpá ń pe ẹni tí ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní "oníbàárà mi", ẹni tí ń rajà náà sì ń pe alájàpá ní "oníbàárà mi". Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, nítorí pé okùn kan náà ni ó so wọ́n pọ̀: èmi kò ní lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn, ìwọ náà kò ní já mi sí gbangba ní ọjọ́ tí ọjà bá wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ máìlì, ẹnìkan ṣoṣo ni a ní kí ó ṣòótọ́. Ní ọdún 2015, Delta mú ìwé tí ó fi iye máìlì ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan hàn kúrò ní gbangba. United ṣe bákan náà ní ọdún 2019. Láti ìgbà náà, iye tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ ní òwúrọ̀ ni ó ń jẹ́. Ẹni tí ó ti ń kó máìlì jọ láti ọdún mẹ́wàá kò lè pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọn kò ṣòótọ́ sí òun. Bí ìṣòótọ́ kò bá sí ní apá kan, n kò rí bí a ti lè fi àìsí rẹ̀ dá ẹnìkan lẹ́bi ní apá kejì.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ọgbọ́n-orí sọ fún mi pé kí n lo òṣùwọ̀n Kant, ará Jámánì nì, tí ó kọ ọ́ ní ọdún 1785 pé ohun tí a kò bá lè fẹ́ kí gbogbo ènìyàn ṣe, kí àwa náà má ṣe é. Bí gbogbo oníkáàdì bá gba ènì kí wọ́n sì lọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Báńkì yóò ṣíwọ́ ènì. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjà kò ní tú, ìlérí kò sì ní di asán. Mo rò pé òṣùwọ̀n náà kò mú Bùrọ̀dá.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó mú un, ó sì mú èmi náà.

Èkíní ni ìpè orí fóònù. Bùrọ̀dá padà sí Houston, ó pè wọ́n, mo sì bi í nígbà tí ó ṣe díẹ̀ pé báwo ni ó ti lọ. Ó ní ọmọbìnrin kan ni ó gbé fóònù, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí ẹ fẹ́ fi wá sílẹ̀?" Bùrọ̀dá ní, "Ara mi kò yá, n kò lè rìnrìn-àjò mọ́." Ọmọbìnrin náà kẹ́dùn, ó ní Ọlọ́run yóò fún un ní àlàáfíà, ó sì fi káàdì kékeré tí kò ní owó ọdọọdún lọ̀ ọ́. Bùrọ̀dá gbà á. Ara rẹ̀ yá o! Ó ń ka èyí fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín ni. Mo bi í pé, "Bùrọ̀dá, ẹ ṣe sọ bẹ́ẹ̀?" Ó ní, "Ìwọ náà, kí ni kí n sọ?"

Ó lè sọ pé, "N kò fẹ́ san dọ́là 95." Òtítọ́ ni, ó sì tó. Káàdì kékeré náà ni wọn ì bá fún un. Irọ́ náà kò fi nǹkan kan kún un, kò sì ṣe báńkì ní ohunkóhun, nítorí pé báńkì kò ní etí. Ọmọbìnrin náà ni ó ní etí. Òun ni ó gbàdúrà fún ẹni tí ara rẹ̀ yá. Mo rò pé ohun tí ó bu Bùrọ̀dá jẹ níbẹ̀ ni pé ó ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dára, ó sì fẹ́ fi àìsàn dá ara rẹ̀ láre. Ẹni tí ó bá dá a lójú pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni òun ń lò kì í wá àwáwí. Orí mímì ti obìnrin ọjà nìyẹn, kò sì sí Màmá Àgbà láti fi ọ̀rá gàrí lé e lọ́wọ́.

Èkejì ṣòro jù. Níbo ni tíkẹ́ẹ̀tì náà ti wá? A ti wí pé báńkì ra máìlì lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ òfuurufú. Owó wo ni ó fi rà á? Lára rẹ̀ ni èlé tí àwọn tí kò lè san gbèsè wọn tán ń san. Lára rẹ̀ sì ni pé nígbàkúùgbà tí a bá fi káàdì àwìn rajà ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ta ọjà a máa san nǹkan bí dọ́là méjì nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oníṣọ́ọ̀bù kì í ṣe aláàánú. Ó ti fi dọ́là méjì náà sórí ọjà. Ẹni tí ó fi owó lọ́wọ́ rajà ń san iye kan náà, kò sì gba máìlì kankan. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta ní Federal Reserve Bank ti Boston ṣírò rẹ̀ pé ìdílé tí ń fi owó lọ́wọ́ rajà ń pàdánù dọ́là 149 lọ́dún sọ́dọ̀ àwọn tí ń lo káàdì, tí ìdílé tí ń lo káàdì sì ń jèrè dọ́là 1,133 lọ́dún lára àwọn tí ń ná owó lọ́wọ́. Wọ́n sì rí i pé láti ọ̀dọ̀ tálákà ni owó náà ti ń lọ sọ́dọ̀ ọlọ́rọ̀.

Èyí ni pé ìyá kan wà ní Houston, bóyá òun náà ń ta nǹkan, bóyá báńkì kò fún un ní káàdì, tí ó dá kọ́bọ̀ díẹ̀ sí owó ọkọ̀ tí Bùrọ̀dá fi wá sin Màmá Àgbà. Kò mọ̀ wá, kò sì sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èsúsú kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ti ìyá yìí ni. Ó ń dá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì ní kó o láéláé.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ká ní Bùrọ̀dá gbọ́ràn sí bàbá mi lẹ́nu, tí ó san dọ́là 95 rẹ̀ lọ́dọọdún títí yóò fi darúgbó, ọ̀dọ̀ ta ni owó náà yóò lọ? Ọ̀dọ̀ báńkì ni. Kọ́bọ̀ kan kò ní dé ọ̀dọ̀ ìyá náà. Bí ó bá fagi lé e, kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; bí ó bá sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bákan náà ni. Gbogbo ìjà tí a jà lẹ́yìnkùlé ní Ògbómọ̀ṣọ́, lórí bóyá a jẹ báńkì ní gbèsè ni, ẹni tí a sì jẹ ní gbèsè kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. N kò lè sọ pé Bùrọ̀dá jalè lọ́wọ́ ìyá yìí, nítorí pé òun kọ́ ni ó la ọ̀nà náà, àwọn tí ń fi káàdì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè ní ọdún 1958 ni ó là á. N kò sì lè sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń rìn lójú ọ̀nà tí a là gba inú oko ẹlòmíràn kọjá lè má jẹ́ olè, síbẹ̀ àgbàdo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti tẹ̀ ná.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí Bùrọ̀dá. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní òun kò lè pe ọmọbìnrin nì padà, nítorí pé wọ́n pọ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ níbẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò gbé e. Ó ní ṣùgbọ́n ìyá kan wà tí ó ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí ládùúgbò àwọn, òun sì ti máa ń fi káàdì rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti kó máìlì. Láti ọ̀sẹ̀ náà, òun ti ń san owó lọ́wọ́ fún un. Ó ní ìyá náà kò bi òun léèrè ìdí.

Bàbá mi náà ka ìwé yìí kí n tó fi í ránṣẹ́ sí olóòtú. Ó fi bírò pupa tún àmì ohùn mi ṣe ní ibi mọ́kànlá. Kò kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ èsúsú, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá tí ń fi owó lọ́wọ́ rajà. Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ ìpè orí fóònù, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé, "Ibí ni mo ń wí láti ọjọ́ yìí."